Nígbà Tí Oògùn Kò Ran Àìsàn Ọmọdé Mọ́

Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Bí iye yìí yóò ṣe dínkù ni ìjọba ń lépa, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè bí ọmọ ṣe lo ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kò pọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á yé wa pé ìtọ́jú tí ń mú ara dẹ ọmọdé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá ti mọ àìsàn líle náà, yálà ìwòsàn ṣì ń lọ lọ́wọ́ tàbí kò lọ mọ́. Kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ títí dókítà yóò fi sọ pé agbára òun ti pin. Ọmọ tí jẹjẹrẹ wà lójú tàbí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń jẹ̀rora, ìrora náà sì ní oògùn: mọfíìnì olómi tí à ń gbé mu. Ní Uganda, níbi tí Dókítà Anne Merriman ti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 1993, òfin gbà láti ọdún 2004 kí nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ oògùn náà fún aláìsàn. Níhìn-ín, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí, àmọ́ ọ̀nà jìn láti Ṣakí sí Ìbàdàn fún ìyá tó gbé ọmọ tí ń kérora lẹ́sẹ̀.

Àṣà wa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfò ni Yorùbá ń pe ikú ọmọ. A kì í ṣe àìsùn rẹ̀, a kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì. (Ẹni tó bá sì rò pé ẹkún ọmọ kì í pẹ́ lójú Yorùbá, kí ó ronú sí orúkọ bíi Rẹ̀mílẹ́kún.) Ààbò fún òbí ni àwọn baba wa fi èyí ṣe. Ní wọ́ọ̀dù, ó máa ń di ohun mìíràn: wọ́n á ní kí ìyá bọ́ síta, nígbà tí yóò bá sì padà wọlé, wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ. Kò sí èèwọ̀ kan tó ní kí ìyá má gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ni àtúnṣe èyí wà, kò sì ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ òótọ́ nípa àìsàn rẹ̀ ní èdè tó yé e. Nítorí náà, òbí lè ní kí dókítà jókòó ti òun, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé, kí ó sì sọ èyí tó jẹ́ ìwòsàn àti èyí tó jẹ́ ìdẹ̀ra lásán nínú oògùn tó ń kọ. Ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú lè dúró títí wọn yóò fi nu ojú wọn nù.