Ibi Tí Kámẹ́rà Dúró Sí

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Jos àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ fọ́tò tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí ó ti mú kí àwọn kan nínú wa ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí wọ́n kó ọmọ lọ sílé láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ rántí April 9, 2003, ọjọ́ tí wọ́n wó ère Saddam Hussein ní Baghdad. Èrò tí a rí lórí tẹlifíṣọ̀n kún dẹ́nu, ó dà bí ẹni pé gbogbo ìlú ló tú jáde. Ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò tí wọ́n yà láti òkèèrè fi hàn pé apá tó pọ̀ nínú gbàgede náà ló ṣófo. Ọkọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà ló fi ṣéènì fa ère ọ̀hún lulẹ̀, nítòsí òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn oníròyìn òkèèrè dé sí. Fọ́tò ò purọ́ o. Ère wó lóòótọ́, àwọn ará Iraq kan sì yọ̀ lóòótọ́. Sísún tí kámẹ́rà sún mọ́ wọn ló sọ èrò díẹ̀ di gbogbo ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ kí Kábíyèsí bani lẹ́rù, ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà yóò wà tí yóò máa wò ó sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹni tó kúnlẹ̀ ṣe wá láàánú, òkè ni wọ́n ti máa ń yà á.

Níhìn-ín, táyà méjì péré tó ń jó, bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yà á nítòsí, iná rẹ̀ á bo ilé, á bo ojú sánmà. Ará ilé tó bá rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹkún ni yóò fi pè wá. Òdìkejì rẹ̀ ló tiẹ̀ burú jù. A ò gbàgbé ọdún 2001 àti 2008. Ẹni tó bá dúró sórí òkè ya Jos láwọn ọjọ́ yẹn, èéfín nìkan ni fọ́tò rẹ̀ máa gbé jáde. Kò ní gbé òkú, kò ní gbé ìyá tó jókòó ti eérú ọjà rẹ̀.

Bí fọ́tò bá dé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: níbo ni ẹni tó yà á dúró sí? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò jẹ́ ká rí? Ọjọ́ wo ló yà á? Ká pe ẹni tó ń gbé àdúgbò náà ká tó fi ránṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tiyín lọ̀rọ̀ kàn, ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì: ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ tún fà sẹ́yìn títí gbogbo òpópónà á fi hàn. Méjèèjì ni kí ẹ mú wá sípàdé.