Ayò Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀lẹ

Èrò kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa ní Ìdáàṣà yìí, tí a kò gbọdọ̀ máa wò níran mọ́. Èrò náà ni pé inú kíláàsì nìkan ni a ti ń kọ́gbọ́n, pé ìdánwò ni òpin ẹ̀kọ́, àti pé àgbàlagbà tó bá jókòó ti ọpọ́n ayò, tàbí tó ṣí ìwé láìsí ìdánwò kankan níwájú rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Nítorí èrò yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba BAC tán kì í ṣí ìwé mọ́, àfi èyí tí yóò mú wọn gba ìwé ẹ̀rí mìíràn. Nítorí rẹ̀ náà ni a fi ń gbé àga fún àwọn àgbà wa sí ẹ̀yìn ilé, tí a ń gbé oúnjẹ fún wọn, tí a ń kí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n ní ìbéèrè tó gba ìrònú.

Àwa lòdì sí èrò yìí. Ọpọlọ dà bí àdá: bó bá pẹ́ nínú àká, ìpẹtà ni yóò mú, kò ní mú sí i. Ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú òkè mọ́kànlélógójì kò sì yẹ kí ó ṣàìní òkúta tí yóò fi pọ́n àdá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ayò fúnra rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń fi bú àwọn àgbà jù. Àwọn Fọ̀n tó múlé tì wá ń pè é ní ajì, ìwé Faransé sì ń pè é ní awalé. Ọpọ́n náà ní ilé méjìlá, mẹ́fà níhà ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí ó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ wọ́n. Òfin náà kò ju ohun tí ọmọdé lè kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kúrò ní òpè kí ó di ọ̀ta gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tó wà nínú ilé méjèèjìlá láìfọwọ́ kàn wọ́n, kí ó mọ ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ yóò parí sí, kí ó sì ti ronú sí èsì tí alátakò rẹ̀ yóò fọ̀ kí ó tó gbé ọmọ kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní ìlú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, lo ẹ̀rọ ìṣirò 144 pọ̀ láti yanjú ọ̀kan nínú irú eré yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní awari. Ipò tó lé ní 889 bílíọ̀nù ni wọ́n ní láti ṣírò kí wọ́n tó lè sọ pé, bí ẹni méjì bá ta á láìṣìṣe rárá, ọ̀mì ni yóò já sí. Ohun tí ẹ̀rọ 144 fi làágùn yìí ni àwọn bàbá wa ń ṣe lábẹ́ igi, tí wọ́n sì tún ń ráyè fi òpè ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá pe èyí ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, ẹ sọ fún un kí ó wá jókòó síwájú ọ̀ta kan, kí a wò ó.

Òǹkà wa náà ń kọ́ni ní irú ìrònú yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjì, ẹ wo 97. Faransé ní quatre-vingt-dix-sept: ogún lọ́nà mẹ́rin, ẹ fi mẹ́wàá kún un, ẹ tún fi méje kún un. Yorùbá ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún: ó ti rí ọgọ́rùn-ún lókèèrè, ó sì yọ mẹ́ta. Ẹ tún wo 48 tó jẹ́ iye ọmọ ayò. Méjìdínláàádọ́ta ni: àádọ́ta tí a yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta ni, tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó bá pe iye yìí ti sọ ogún di púpọ̀, ó sì ti yọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó pa ẹnu dé. Ètò yìí ya míṣọ́nnárì Adolphus Mann lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1887. Ẹ wá bi ọmọ tó ń múra BEPC lónìí pé kí ó ka 48 ní Yorùbá. Ẹ óò gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n Faransé ni yóò fi fọ̀ ọ́.

Àwọn kan yóò ní: «Ó dára, ṣùgbọ́n èrè wo ló wà níbẹ̀?» Ìbéèrè tó tọ́ ni, a ó sì dáhùn láìbu iyọ̀ sí i. Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn ní New York tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àgbà 469 tí ọjọ́ orí wọn lé ní 75, tí wọ́n ti ń ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń kàwé, tó ń ta eré orí ọpọ́n, tó ń lu ohun èlò orin, tàbí tó ń jó, kì í tètè ṣarán bí àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí i pé ijó wà nínú rẹ̀: àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ijó ti pọ̀ jù nínú ètò wọn ti wà lọ́nà tó tọ́ tipẹ́tipẹ́. Lóòótọ́, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé eré ló dáàbò bo ọpọlọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì yá ni eré ń wù. Ṣùgbọ́n bí èrè bá lè wà níbẹ̀, tí kò sì sí ìpalára, kí ni a ń dúró dè?

Ìwádìí mìíràn wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà wo àwọn àgbà Yorùbá àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.35 ni àrùn iyèrírà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìbàdàn wọ̀nyí kò sì fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí. A kò sọ pé ayò ló fà á. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ń tọpa. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ẹni tó lè fi ìwádìí yìí gbè lẹ́yìn èrò pé aláìníwèé ẹ̀rí kò ní ọpọlọ tó yè.

Àrùn náà sì wà lọ́dọ̀ àwa náà. Ní Djidja, tí kò jìnnà sí Abomey, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 yẹ àgbà 502 wò, ó sì rí i lára 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìyá arúgbó tó bá ń gbàgbé ọ̀nà ilé, tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, tó ń tú ẹrù rẹ̀ kiri lóru, aláìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn án ti fi àìmọ̀kan kún ìyà tí àìsàn ti ń fi jẹ ẹ́. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tí a lè ṣàtúnṣe sí, tí ọwọ́ wọn wà nínú nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn yìí lágbàáyé. Àìkàwé tó ní kékeré wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Etí dídi wà níbẹ̀. Àdádó náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, àga ẹ̀yìn ilé tí a gbé àgbà sí láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ó lè ṣe é ní jàǹbá.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọ̀rọ̀ wa gba ibi tí kò gbà. Àwọn kan ń rò pé eré orí tẹlifóònù ti tó, nítorí àwọn tó ń tà á sọ pé ó ń mú ọpọlọ jí. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí ilé iṣẹ́ tó ni Lumosity san mílíọ̀nù méjì dọ́là, nítorí ìpolówó tó ṣèlérí ohun tí kò ní ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà lára Nigel Richards, ọmọ New Zealand, tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní èdè Faransé ní ọdún 2015. Ó há àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ sórí, ó sì borí àwọn tó ni èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Iṣẹ́ ńlá ni. A bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ènìyàn lè mọ eré dójú àmì láìmọ ohun tí eré náà ń sọ. Ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ nìkan ni a ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé eré kò gbọdọ̀ dá wà. Ìmọ̀ tuntun ni kí ó máa fà wá lọ bá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ ọdún 1938. Ní ọdún kan náà yẹn, Paul Hazoumè, ọmọ Porto-Novo, tẹ ìwé rẹ̀ Doguicimi jáde ní Faransé, D. O. Fágúnwà sì tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Yorùbá. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Kò sí olùdánwò tó ní kí Hazoumè máa wádìí ìtàn àti àṣà Dahomey kiri. Iṣẹ́ kíkọ́ ọmọdé ti tó o jẹ. Kò sí ètò ẹ̀kọ́ tó ní kí Fágúnwà sọ ìtàn alẹ́ di ìwé ńlá. Ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa lónìí ní èdè méjèèjì wá láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ́ ara wọn ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.

A mọ èsì tí yóò tẹ̀lé e: ebi, oko, owó ilé ìwé ọmọ, níbo ni àyè wà? Kì í ṣe olówó ló ni ayò. Ihò méjìlá nínú ilẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ 48 ti tó, òkúta sì kọ́ ni yóò wọ́n wa ní Ìdáàṣà. Àlọ́ àpamọ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó gbọ́ pé òkun ń hó, ọ̀sà ń hó, ọmọ burúkú kan sì ti orí bọ̀ ọ́, gbọ́dọ̀ fi etí òkun sílẹ̀ kí ó wá sí ìdí ààrò kí ó tó rí orógùn. Ìrìn àjò ọpọlọ nìyẹn, ó sì ṣeé rìn nígbà tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Àwọn tó ní àwọn kò ní àyè ń rí àyè fún fídíò kéékèèké títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ọpọ́n ayò wà ní ibi ìpàdé wa, kí àgbà kan àti akẹ́kọ̀ọ́ kan máa dojú kọ ara wọn, kí a má sì yọ àwọn obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Èkejì, kí ìwé ìròyìn yìí máa tẹ àlọ́ kan jáde ní èdè méjèèjì, kí ó sì fi ìdáhùn pamọ́ di ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó lọ bi ìyá-ìyá rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yan ohun kan tí kò sí nínú ìdánwò rẹ̀ kankan, kí ó fi ọdún kan kọ́ ọ: orúkọ àwọn òkè wa àti ìtàn wọn, bí a ṣe ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá, tàbí òǹkà láti oókan dé igba. Ní òpin ọdún, kí ó wá dúró níwájú àwọn àgbà, kí ó sọ ohun tó mọ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè. A kò ní fún un ní máàkì, a kò sì ní fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn kan yóò sọ pé, láìsí ìwé ẹ̀rí, kò sí ọmọ tí yóò wá. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí a ń kọ́ wọn láti ọdún yìí wá kì í ṣe ìmọ̀, ìwé ẹ̀rí lásán ni. Ẹ̀rí wo ni ẹgbẹ́ tún fẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀?