Ojú, Etí àti Ọwọ́ Nínú Ẹ̀kọ́

Àwọn olùkọ́ kan gbà pé ojú ni ọmọ kan fi ń kẹ́kọ̀ọ́, etí ni ti òmíràn, àti pé ọ̀nà tó bá wu ọmọ nìkan ló yẹ ká fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Lọ́dún 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọn kò rí ẹ̀rí gidi pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń mú kí ọmọ mọ̀wé sí i. Ohun tí a fẹ́ kọ́ni ló yẹ kó pinnu ọ̀nà. Etí ló ń gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá; ojú ló ń rí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó lórí àwòrán ilẹ̀; ọwọ́ ló sì ń kọ́ bí a ṣe ń fọ́ kòkó tí ọ̀bẹ kò fi ní ba hóró inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹnìkan lè ní, ọmọ adití ńkọ́? Ti àwọn ọmọ ilé-ìwé adití ní Àkúrẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó wù wọ́n. Fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Òótọ́ ni pé olúkúlùkù ló ní ohun tó fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ohun tó wuni kọ́ ló ń ṣeni lóore ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní Yunifásítì Adéyẹmí, Oǹdó, àti ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe há ọmọ mọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ sọ ẹ̀kọ́ náà kó gbọ́, ẹ yà á kó rí i, kí ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.