Eré Ìdárayá Kì í Ṣe Ìdíje

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré lásán nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé wa. Ìlera ni ẹni tí ó ń sáré ìdárayá ń lé, kì í ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀. Kò béèrè ipò kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ní pápá ilé-ìwé, ẹlẹ́yà ni a sábà máa ń fi ọmọ tí ó gbẹ́yìn ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kórìíra eré sísá títí ayé. Ìdíje ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ yòókù, kí olùkọ́ jẹ́ kí oníkálukú sáré níwọ̀n agbára rẹ̀. Ìka kò dọ́gba.