Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ọmọ Ẹgbẹ́ Rotary ní Àríwá Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Rotary tí ẹ wà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti káàkiri àríwá Èkìtì, ọdún 2025 da ayọ̀ mẹ́ta pọ̀ fún yín. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ẹgbẹ́ yín pé ọgọ́fà ọdún láyé. Ọdún yẹn kan náà ló pé ogójì ọdún tí ẹ ti gbé ogun ti àrùn rọpárọsẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, ó pé ọdún márùn-ún géérégé tí wọ́n jẹ́rìí sí i pé rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ayọ̀ mẹ́ta bá ya ilé rẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, bí ó bá ń jó, ẹ má dá a lẹ́kun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin mẹ́rin ló pàdé nínú ọ́fíìsì kan ní Chicago ní ọdún 1905: Paul Harris tó jẹ́ lọ́yà, Silvester Schiele tó ń ta èédú, Gustavus Loehr tó jẹ́ ẹnjiníà ìwakùsà, àti Hiram Shorey tó jẹ́ télọ̀. Irú àwọn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ò ṣòroó rí nídìí agbè ẹmu kan ní Ọ̀yẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà dáwọ́ lé ní 1907 kì í ṣe ère, kì í sì í ṣe gbọ̀ngàn tí wọ́n á kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí lára. Ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo ará ìlú ni wọ́n jà fún. Ẹgbẹ́ tó bá fi ṣáláńgá bẹ̀rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ ò lè pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ Èkìtì ní owó dídá. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó kóra jọ sínú ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé lójú ogun. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Iléṣà ni ìtàn máa ń dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn oníṣòwò Èkó tó tú àpò wọn, ta ló ń ki wọ́n? Owó tiwọn, ìbọn ni wọ́n fi rà. Owó tiyín, àjẹsára ni ẹ fi rà, ẹ̀kán méjì-méjì lẹ́nu ọmọdé. Àṣà kan náà ni, ẹ kàn wá pa ọ̀tá mìíràn ni.

Gbogbo wa la mọ bí ìkówójọ ṣe máa ń rí nílùú wa. Wọ́n á ta kánópì, alága á jókòó, ìyá ọjọ́ á wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, alága ìdúró á gbé makirofóònù sẹ́nu: "Mílíọ̀nù kan náírà! Ẹ pàtẹ́wọ́!" Ìlù á sọ. Tó bá ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà, akápò á bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù ẹni tó ṣèlérí, fóònù ò sì ní lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà o, ohun tí gbogbo akápò mọ̀ ni mo sọ.

Ohun tó wù mí nínú ìṣe Rotary ni pé wọn kì í dúró de olówó ńlá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé, yóò sanwó ìtanràn. Ẹni tó gbàgbé báàjì rẹ̀ sílé, yóò san. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gboyè, ẹni tó ra mọ́tò tuntun, òun náà á sanwó ayọ̀, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n yàn pé kó máa gba owó ọ̀hún kì í mojú ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, ì báà ṣe dókítà. Kò sí kánópì níbẹ̀, kò sì sí onílù, àmọ́ owó ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹrù ẹnikẹ́ni ò sì wúwo jù.

Ẹ wá wo ibi tí ìṣe yìí gbé wọn dé. Ní 1917, Arch Klumph tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn dá a lábàá pé kí wọ́n ní àpò owó kan tí wọ́n á máa fi ṣe oore fún aráyé. Owó àkọ́kọ́ tó wọ inú àpò yìí, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Kansas City, $26.50 péré ni. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá ń pa yín lẹ́rìn-ín. Ní 1979, wọ́n ti ń fi àpò náà gbé àjẹsára rọpárọsẹ̀ lọ fún bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ọmọdé ní Philippines. Ní 1985 wọ́n wá fọhùn sí gbogbo ayé, wọ́n sọ ètò náà ní PolioPlus, wọ́n ní àwọn yóò kó mílíọ̀nù 120 dọ́là jọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó náà ní 1988, mílíọ̀nù 247 ló wọlé. Ìlérí ọ̀kan, sísan méjì! Ẹ bá mi fi han àwọn tí fóònù wọn ò lọ yẹn.

Lọ́dún 1988 yìí náà ni Rotary, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti àjọ CDC ti Amẹ́ríkà sowọ́ pọ̀ láti gbógun ti rọpárọsẹ̀. Ọmọ tó tó 350,000 ni àrùn yìí ń sọ di arọ lọ́dọọdún nígbà náà, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 125. Nàìjíríà sì le koko. Ní 2003, Kano, Kaduna àti Zamfara dá àjẹsára dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Ọdún 2003 yẹn gan-an ni Jonathan Majiyagbe, lọ́yà, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti Kano, di ààrẹ Rotary gbogbo àgbáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé orí àga náà. Ó gorí àga tán, ìlú tirẹ̀ ni ìjà ti le jù. Ní 2012, ọmọ 223 péré ló kù tí rọpárọsẹ̀ àbáláyé mú ní gbogbo ayé, 122 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Borno la ti rí i kẹ́yìn ní 2016. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí mọ́, kò sí mọ́, títí ìwé ẹ̀rí fi dé ní 2020.

Ará Ìkọ̀lé kan lè ní Borno jìnnà. Ṣùgbọ́n àríwá Èkìtì bá Kwara àti Kogi pààlà. Àwọn tó ń wá ṣiṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń da màlúù kọjá, àwọn tó ń wá ra iṣu, gbogbo wọn ló ní ọmọ, àrùn ò sì ń béèrè ìpínlẹ̀ kó tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára fi ń gbé kúlà kọ́ èjìká, tí yìnyín wà nínú rẹ̀ kí oògùn má baà bàjẹ́, tí wọ́n ń ti Ìkọ̀lé kọrí sí Ìpaò àti Ìtapájì, tí wọ́n ń ti Ọ̀yẹ́ kọrí sí Ayédé, títí dé ahéré tí ọ̀kadà ò lè dé. Ẹ̀kán méjì lẹ́nu, yíǹkì ní ọmọ-ìka ọwọ́ òsì, ṣọ́ọ̀kì lára ògiri kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ pé wọ́n ti débẹ̀, ó di ilé kejì. Ìyá ọmọ mìíràn á gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Òmíràn á ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń pín àmì ẹ̀yẹ nítorí ayọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Láti 1957 ni Rotary ti ń fi orúkọ Paul Harris dá ènìyàn lọ́lá: bí ẹ bá san $1,000 sínú àpò náà, ẹ lè gba oyè ọ̀hún fún ara yín tàbí kí ẹ gbà á lórúkọ ẹlòmíràn, ẹni náà ò sì ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kábíyèsí wa yẹ fún ọlá, àwọn olóṣèlú ò sì jẹ́ kí a gbàgbé pé àwọn náà wà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń gbé kúlà láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ta ló pè é jókòó síwájú rí? Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bá da owó náà pọ̀ láti gba oyè ọ̀hún fún un, kì í ṣe ohun tí apá ò ká. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Fásitì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kí wọ́n wá wo ojú ìyá náà, kí wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí. Afghanistan àti Pakistan ṣì ń bá rọpárọsẹ̀ àbáláyé fà á. Nílé níbí náà, irú èyí tó máa ń jẹyọ láti inú àjẹsára níbi tí àwọn ọmọ tó gbà á ò bá pọ̀ tó ṣì ń yọjú, ẹ ò sì lè gbé kúlà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ń bọ̀ lórí ayọ̀: Ọláyínká Hakeem Babalọlá, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti Trans Amadi ní Port Harcourt, ni wọ́n yàn láti ṣe ààrẹ gbogbo àgbáyé ní 2026 sí 2027. Láti Kano dé Port Harcourt, ọmọ Nàìjíríà ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ni Àyájọ́ Ọjọ́ Rọpárọsẹ̀ Lágbàáyé. Ẹ ta kánópì lọ́jọ́ náà, mo ti gbà pé kí ẹ ta á. Ẹ pe onílù, ẹ fi àwọn oníkúlà jókòó síwájú, kí alága ìdúró ki wọ́n lórúkọ níkọ̀ọ̀kan, kí àwo owó sì kọ́kọ́ kọjá níwájú àwọn ìjòyè. Èmi náà ń bọ̀. Ẹ ti ṣètò owó ìtanràn tèmi sílẹ̀, nítorí bí mo ṣe mọ ara mi, n óò pẹ́ dé.