Ẹ Yé Pe Àròlákẹ́ Ní Alágbèrè

Àwọn ọkùnrin tí a jọ ń ta aṣọ òkè ní ọjà Ọjẹ́, n'Ìbàdàn, kò ní ju orúkọ kan lọ fún Àròlákẹ́ inú Aníkúlápó, sinimá Kunle Afolayan tó jáde ní 2022: alágbèrè. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Ta ló bi ọmọbìnrin yẹn léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ di olorì ọba Ọ̀yọ́ tó lè bí i lọ́mọ? Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ àwọn ìyálé rẹ̀ láàfin. Nígbà tí wọ́n lu Sàró, olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, pa tí wọ́n gbé e jù sínú igbó, Àròlákẹ́ ló wá a lọ, òun ló sì gba àdó ajíǹde lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà. Sàró jí dìde, ó wá ń fi àdó náà jí òkú, ó ń kó ọrọ̀ jọ, ó ń fẹ́yàwó lé Àròlákẹ́. Obìnrin ló ṣe iṣẹ́, ọkùnrin ló gba oríkì! Ìgbà tí Sàró tún ní kí ọba ìlú tí wọ́n sá lọ fi ọmọbìnrin rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún òun, Àròlákẹ́ da agbára inú àdó nù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣe é re.

Nínú sinimá náà, Àwàrún, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, tó gba Sàró sílé l'Ọ̀yọ́, ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń ṣòwò, ó lówó lọ́wọ́, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkùnrin kankan. Ṣùgbọ́n bí Sàró ṣe sá kúrò l'Ọ̀yọ́ báyìí, ìtàn fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sinimá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ọ̀kan fún wa tí òwò irú Àwàrún yóò jẹ́ olórí ìtàn.