Orúkọ Wo Ni A Ó Kọ Sí Orí Gìtá?

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi í pa òwe náà, ṣùgbọ́n ní ìsinmi gbọọrọ tí ó kọjá, orí gìtá kan ní Zongo ni ó mú kí a tún un rò.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan ni ó gbé gìtá náà wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí baccalauréat rẹ̀, ó sì ń wá owó tí yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Gìtá báàsì ni, olókùn mẹ́rin, èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ń gbé ìyókù orin dúró. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ni í tẹ́lẹ̀. Ó fi ṣeré níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti wá fi í ta ọmọ náà lọ́rẹ. Ara gìtá náà ṣì dára, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti bàjẹ́. Vernis rẹ̀ ti sán, ó ń ṣí bí èèpo, orúkọ tí ó wà níbẹ̀ sì ti pa rẹ́ débi pé lẹ́tà méjì péré ni ojú lè kà.

Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ẹ máa ń tún ohun èlò orin ṣe nígbà ìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún orí rẹ̀ ṣe. Mo ti rí ẹni tí yóò rà á. Ó ní bí ó bá jẹ́ Fender, òun yóò san ìlọ́po méjì. Mo sì ti rí ibi tí wọn yóò ti bá mi tẹ orúkọ náà jáde."

A wo orí gìtá náà, a wo ojú ọmọ náà. Kì í ṣe ọmọ burúkú; owó ẹ̀kọ́ ni ó ń wá. A kò dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ní ọjọ́ yẹn. A ní kí a kọ́kọ́ tú orí gìtá náà ná.

A dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, a kò gé wọn lójijì, nítorí pé agbára tí okùn báàsì fi ń fa ọrùn gìtá kì í ṣe kékeré. A tú àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fa okùn le, a sì kó ìṣó wọn sínú ife mẹ́rin, ife kan fún kọ́kọ́rọ́ kan, kí ìṣó má baà ṣi ihò. Lẹ́yìn náà ni a ya àwòrán orí náà níwájú àti lẹ́yìn, a sì fi rúlà wọn àyè tí ó wà láàárín orúkọ àtijọ́ àti etí igi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí. Ohun tí bébà oníyanrìn bá ti jẹ, kò ní padà mọ́.

Níbi àwòrán yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí a sọ ọ́ di ńlá lójú fóònù, a rí i pé àwọn lẹ́tà méjì náà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ọwọ́ ni a fi kọ wọ́n, pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. A bi ọmọ náà bóyá ó mọ orúkọ tí ó wà níbẹ̀ rí. Kò mọ̀. A ní, "Ó yá, jẹ́ kí a lọ bi ẹni tí ó fún ọ."

Bàbá náà jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tí a dé. A kí i, a sì fi àwòrán náà hàn án. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun ra gìtá náà ní Kútọnu, kò sí orúkọ kankan ní orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi pọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ òun, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ni ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí i ní alẹ́ tí ó ṣáájú eré wọn àkọ́kọ́. Àwọn márùn-ún ni wọ́n nígbà náà. Òun nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Ó wá kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti fún ọ ní gìtá. Bí o bá fẹ́, tà á. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún ẹni tí yóò rà á pé ọmọ ẹlòmíràn ni."

Bí a ti ń padà bọ̀, ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, gbogbo ènìyàn ni ó kúkú ń ṣe é." Òótọ́ ni ó sọ. Àwa náà ti ṣe é rí. Nígbà tí a kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, a lẹ orúkọ òyìnbó mọ́ gìtá tí a fi ń kọ́ṣẹ́, a sì ń gbé e kiri pẹ̀lú ìgbéraga, títí di ọjọ́ tí akọrin kan gbà á lọ́wọ́ wa, tí ó yí i sẹ́yìn, tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ó sì dá a padà láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà ní ọkàn wa títí di òní.

Fender kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán. Orúkọ ènìyàn ni. Leo Fender jẹ́ ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní California. Ní ọdún 1951 ni ó gbé Precision Bass jáde, gìtá báàsì oníná tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta báàsì ṣì ń wọ́ ohun èlò ńlá kan kiri, tí ó dà bí gòjé ṣùgbọ́n tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ní 1960 ni Jazz Bass tẹ̀ lé e. Ní 1965, ilé-iṣẹ́ CBS ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Kì í ṣe pákó àti ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n san owó yẹn fún. Orúkọ náà wà nínú rẹ̀.

Ní 2009, ìgbìmọ̀ tí ń dájọ́ ọ̀rọ̀ àmì òwò ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti jẹ́ kí Fender gba ìrísí ara gìtá rẹ̀, títí kan ti Precision Bass, fún ara rẹ̀ nìkan. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe irú ara bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, débi pé ojú kò lè fi í mọ ẹni tí ó ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ìrísí orí gìtá rẹ̀ ṣì jẹ́ àmì òwò tirẹ̀. Ara lè jọ ara. Orí ni a fi ń dá ẹni mọ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a máa kọ́ èyí lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ òyìnbó, àwa tí a ń kí orí wa ní òwúrọ̀?

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Àdéhùn Bangui ti ọdún 1977 ni òfin tí àjọ OAPI ń tẹ̀ lé. Yaoundé ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà wà, orílẹ̀-èdè wa Bénin sì wà nínú rẹ̀. Àmì òwò jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó ń dáàbò bò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan mọ́ ọjà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà, tí ó sì tà á, ayédèrú ni ó tà.

Bí gìtá bá jẹ́ Fender ní tòótọ́ ńkọ́? Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra. Láti 1976 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí orí gìtá. Ẹni tí ó bá họ irú orí bẹ́ẹ̀ ti fa ìwé-ìbí rẹ̀ ya. Àwọn tí ń kó gìtá àtijọ́ jọ sì máa ń dín owó èyí tí a ti tún kùn kù. Ẹ ya àwòrán, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tí yóò rà á.

Èyí tí a sọ fún ọmọ náà kẹ́yìn jẹ mọ́ àdúgbò tí a ń gbé. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Zongo, ibùdó àwọn oníṣòwò tí ń rìnrìn àjò. Borgou wa wà lójú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá ń gbà lọ ra obì ní Gonja. Àlejò tí ó bá dé ibùdó, tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀, a wọ̀ sí ọ̀dọ̀ baálé kan tí Haúsá ń pè ní maigida. Baálé yìí ni ó ń dúró fún un níwájú ọjà. Orúkọ baálé ni àwìn fi ń ṣeé ṣe. Bí orúkọ náà bá ti jẹ́ irọ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò tún gbà á gbọ́? Ọ̀pọ̀ bàbá àwa Yorùbá Parakou náà ni ó dé gẹ́gẹ́ bí àlejò láàárín Bàrìbá àti Dendi. Orúkọ wọn ni wọ́n fi gba àyè.

Ọmọ náà dákẹ́ títí a fi dé ilé. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a dá orúkọ ẹgbẹ́ wọn padà." Bàbá náà fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n kọ orúkọ náà sórí ìwé fún wa, a sì fi lẹ́tà méjì tí ó ṣẹ́kù ṣe àwòkọ fún ìyókù.

Báyìí ni a ṣe iṣẹ́ náà. A kọ́kọ́ fi acétone díẹ̀ sí òwú, a fi kan ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń bò, kí a lè mọ irú vernis tí ó wà níbẹ̀. Vernis nitrocellulose máa ń rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ òwú. Polyuréthane kì í mira. Tiwa rọ̀. A fi téépù bo etí ọrùn gìtá. A wé bébà oníyanrìn nọ́ńbà 320 mọ́ pákó pẹlẹbẹ, a fi họ orí náà bí ìlà ara igi ti lọ, a sì fi 400 parí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka lásán họ ọ́, nítorí pé ìka máa ń dá kòtò sí ara igi. Ẹ sì fi aṣọ bo imú. Lẹ́yìn náà ni a fín vernis fẹ́lẹ́ lé igi náà lẹ́ẹ̀mejì, a jẹ́ kí ó gbẹ.

Fún orúkọ, a lo àlẹ̀mọ́ tí a ń rẹ sínú omi, èyí tí Faransé ń pè ní décalcomanie. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà ni a fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń lo tàdáwà olómi, ẹ gbọ́dọ̀ fín vernis lé e kí ó tó kan omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ náà yóò ṣàn lọ. A gé e súnmọ́ lẹ́tà, a rì í sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, títí awọ fẹ́lẹ́ tí ó gbé orúkọ fi yọ̀ lára bébà. A rọra fà á sórí igi, a fi aṣọ rírọ̀ ti omi àti afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí etí. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ó kàn. Bí ẹ bá da vernis púpọ̀ lé àlẹ̀mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò kákò. Ẹ fín in bí ìrì, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tún fín in, kí ẹ tó fi èyí tí ó nípọn díẹ̀ lé e. Ojú ọjọ́ Parakou náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń sọ vernis di funfun bí omi ògì, nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Àwa dúró de ọjọ́ tí oòrùn ti gbẹ ilẹ̀. Ẹ má sì ṣe é nítòsí iná ìdáná, nítorí pé vernis a máa tètè gbiná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dúró kí a tó fi omi àti bébà nọ́ńbà 1000, lẹ́yìn náà 2000, dán an, títí ìka kò fi mọ etí àlẹ̀mọ́ mọ́.

Ẹni tí ó fẹ́ rà á wá. Ó wo orí gìtá náà, ó ní òun kò mọ orúkọ yìí. Ọmọ náà dáhùn pé orúkọ ẹgbẹ́ bàbá òun ni, ó sì dá iye tí gìtá náà tó ní tòótọ́ lé e. Ọkùnrin náà lọ. A kò ní parọ́ fún yín: ó dun ọmọ náà, ó sì dun àwa tí a gbà á nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ó fi báàsì náà ṣeré níbi ìgbéyàwó mẹ́ta kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹbí sì dá owó tí ó kù. Ní ọ̀kan nínú àwọn ìgbéyàwó náà, bàbá náà jókòó níwájú. Orí gìtá ni ó ń wò.

Ìlú yìí kì í ṣe àlejò nínú orin gìtá. Ní àwọn ọdún 1970, Orchestre Super Borgou de Parakou, tí Moussa Mama jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ń kọrin ní èdè Bàrìbá àti Dendi. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì kó orin wọn láti 1970 sí 1976 jọ, ó sì tún gbé e jáde. Ẹni tí ó gbé àwo náà lọ́wọ́ ní òkè òkun kò béèrè orúkọ tí ó wà ní orí gìtá wọn. Borgou àti Parakou ni ó kà lára rẹ̀.

Irọ́ tí ó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ tún orí gìtá yín ṣe, ẹ dán an kí ojú lè fi í ríran. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ kọ́kọ́ bi ilé. Ó dìgbà.